Oúnjẹ Kantíkantí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jẹ́ ohun tó mọ́ tónítóní, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti sin ìdin rí. Èmi sìn ín. Àkúrẹ́ ni mo ti sìn ín, ní àwọn ọdún Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí nǹkan le koko, nígbà tí mo wà ní ọdún àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ Oǹdó ni mí. Ìyá tó bí mi jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó máa ń fi ọṣẹ fọ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé kó tó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nílé wa, bí eṣinṣin bá bà lé ọbẹ̀, ọbẹ̀ yẹn di ti ajá. Inú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ti jáde lọ di ẹni tó ń se oúnjẹ fún eṣinṣin.

Olùkọ́ tí wọ́n yàn pé kó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ló kó mi sínú rẹ̀. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti kàwé gboyè nílùú òyìnbó, ó sì padà wálé lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá jáde. Ó ga, ó sì gbẹ. Kóòtù kan ṣoṣo aláwọ̀ eérú ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, bẹ́líìtì rẹ̀ sì ti ní àwọn ihò tuntun tí òun fúnra rẹ̀ fi ìṣó lu. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ títí nǹkan yóò fi rọ̀. Nígbà tó ń bọ̀ láti òkè òkun, ohun tó fi sọ́kàn jù nínú ẹrù rẹ̀ ni ìgò méjì tó kún fún kantíkantí, àwọn eṣinṣin wẹ́wẹ́ tó máa ń rábàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù àti lẹ́nu agbè ẹmu.

Lọ́jọ́ tó fi wọ́n hàn mí, mo bi í pé, "Ṣé kantíkantí náà ni wọ́n tún ń gbé wọ bàálù wá sílé, sà? Ṣé wọn ò tó wa níbí ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi oògùn kun díẹ̀ nínú wọn lóorun, ó dà wọ́n sórí bébà funfun lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó ní kí n wò wọ́n. Mo wò wọ́n, mo sì yára fà sẹ́yìn. Ohun tí ojú lásán ń rí bí ẹyọ gaàrí kan ti di ẹranko onírun gàgàrà, tó na ẹnu jáde bí ẹni fẹ́ lá nǹkan. Ṣùgbọ́n ojú wọn ni Dókítà fẹ́ kí n wò. Ojú ti ìgò kìíní pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ojú ti ìgò kejì rí tótòtó: ibì kan pupa, ibì kan funfun, bí ògiri tí ọ̀dà ti ń ṣí kúrò lára rẹ̀.

"Wò ó dáadáa," Dókítà wí. "Àárín sẹ́ẹ̀lì ara ni kóró kan wà, tí à ń pè ní núkílọ́ọ̀sì. Inú kóró yẹn ni àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà, orí okùn yẹn sì ni àwọn jíìnì tò sí, àwọn tó ń pàṣẹ bí ara yóò ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni àwọn okùn yẹn kàn lọ́ mọ́ra bí irun tí a kò yà. Irọ́ ni. Oníkálukú ló ní ààyè rẹ̀. Ibi kan wà tó dì gbagidi, tó sábà máa ń fẹ̀yìn ti ògiri kóró náà. Jíìnì tó bá bọ́ síbẹ̀, oorun ló máa ń sùn. Ibòmíràn wà tó tú sílẹ̀, tí ààyè gbà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń lọ."

Mo ní, "Kí ló wá ṣe àwọn olójú tótòtó yìí, sà? Ṣé jíìnì tiwọn bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́ rárá! Jíìnì tó ń jẹ́ kí ojú pọ́n ṣì wà lára wọn pérépéré. Okùn ló já, tó yí pọ̀, tó sì tún so padà. Jíìnì yẹn wá bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó dì gbagidi. Nínú sẹ́ẹ̀lì kan, oorun gbé e lọ, ibẹ̀ sì funfun. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e, kò sùn, ibẹ̀ sì pọ́n. Ibùjókòó rẹ̀ ló yí padà. Òun fúnra rẹ̀ kò yí padà."

Ẹnu rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́. N kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń ka bàólójì, mo sì gbà láti ṣiṣẹ́ náà kí ojú mi tó dá.

Ohun tí mo fẹ́ wádìí kò ju èyí lọ: ṣé ooru àti òtútù lè mú kí jíìnì tó wà ní ibi tí kò yẹ ẹ́ sùn sí i, tàbí kó jí? Nílùú òyìnbó, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe irú èyí. Àwa náà ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n iná kò sí, aláǹgbá sì ti yé sínú rẹ̀. Mo wá pín àwọn olójú tótòtó sí ìgò méjì, mo gbé ọ̀kan sínú yàrá ẹrù abẹ́ páànù, níbi tó ń gbóná bí ààrò. Mo gbé ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi ní kọ̀rọ̀ láàbù, mo fi aṣọ tútù wé e. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú bọ̀ nígbà náà, nítorí náà ìdí àmù yẹn tutù dáadáa.

Ẹ̀gbin wá bẹ̀rẹ̀. Kantíkantí kì í jẹ oúnjẹ àná. Mo ní láti máa po ògì, kí n fi ṣúgà sí i, kí n gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rọ̀ mọ́ ọn, kí n fi ìwúkàrà sí i, kí n sè é lórí sítóòfù títí yóò fi ki. Bó bá tutù, mo máa ń po oògùn tí kì í jẹ́ kó bu mọ́ ọn, kí n tó bù ú sínú àwọn ìgò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, oúnjẹ yẹn á máa rìn. Ìdin funfun á máa wọ inú rẹ̀ lọ, á máa jáde, ìdí ìgò á di ẹrẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì dà bí ti ẹmu tó kan tí wọ́n da èso jíjẹrà sí. Mo ní ṣíbí kan tí mo fi ń ha ìdí àwọn ìgò náà. Mo máa ń di imú, kí n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n tó ha á. Òórùn náà wọ inú irun mi. Ó wọ inú aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àdúgbò Ìsìkàn ni mo ń gbé, nínú yàrá kan lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ kan ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń gbé wọ ulé mi tó ń rùn báyìí?"

"Iṣẹ́ ilé ìwé ni, mà."

"Ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àkìtàn?" Ó fa aṣọ bo imú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó tilẹ̀ ń rí mi lára jù ni pé oúnjẹ gidi ni mo ń fún àwọn kòkòrò yìí. Ní ọdún yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ń mu gaàrí láìsí ṣúgà. Èmi ń po ṣúgà fún ìdin.

Kò pẹ́ tí oúnjẹ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí mo bá sè é, tí mo fi sílẹ̀ kó tutù, kí n tó pọn omi dé láti ẹ̀yìn ilé, ìkòkò á ti fà sílẹ̀. Eku ni mo fura sí. Kì í ṣe pé eku kò sí níbẹ̀. Ìgbẹ́ wọn wà lórí tábìlì wa ní gbogbo àárọ̀, àwa la sì ń fi ọwọ́ gbá a kí a tó kọ ìwé. Mo fi òkúta tẹ ìdérí ìkòkò, síbẹ̀ oúnjẹ ń dín kù. Inú bí mi. Mo ra oògùn eku lọ́jà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bu oúnjẹ díẹ̀ sínú sọ́sà, mo po oògùn náà mọ́ ọn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, mo sì gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, mo rí ẹ̀yìn kóòtù eérú.

Dókítà dúró ti tábìlì. Ìdérí ìkòkò àti òkúta mi wà nílẹ̀. Nígbà tó yí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, mo rí i pé ó ti bù nínú ìkòkò: ẹnu rẹ̀ kún, ògì sì wà lórí irunmú rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ kíákíá, bí ọmọ tó ń jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ó wá rí sọ́sà. Ó fà á mọ́ra, ó sì ti ki ṣíbí bọ̀ ọ́ kí n tó rí ohùn sọ̀rọ̀.

"Dókítà! Ẹ má jẹ ẹ́! Oògùn eku ni!"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dún lórí símẹ́ńtì. Ó yíjú sí mi. Omi ń kán láti ìdí korobá mi sórí bàtà mi, n kò sì lè gbé korobá náà sílẹ̀.

Ó ní, "Èyí tó wà nínú ìkòkò ńkọ́?"

"Kò sí oògùn nínú ti ìkòkò, sà."

"Ó dáa." Ó fa áńkáṣífù yọ, ó nu ẹnu. "Mo ń tọ́ ọ wò ni. Ó yẹ kí o dín ṣúgà rẹ̀ kù díẹ̀."

"Ó dáa, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ṣíbí náà nílẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i dáadáa. Ṣíbí tí mo fi ń ha ìdin ni.

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo bì. Mo bì títí kò fi kù ju omi lọ. Ọkùnrin yẹn ló ti jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kóró tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, ṣíbí ìdin ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo kórìíra ṣíbí náà. Mo kórìíra irunmú tí ògì lẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá fi ìka tọ́ka sí nǹkan nínú ìwé, ìka rẹ̀ ni mo máa ń wò, n kì í wo ìwé mọ́.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. N kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi rí i pé mo ń ti oúnjẹ sẹ́yìn. Ó bi mí títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀.

"Pẹ̀lú ṣíbí ìdin?" ni ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó lọ tutọ́ lójú fèrèsé, ó sì padà wá jókòó.

"Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé?"

"N kò mọ̀, mà."

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó gbọ́." Mo rò pé yóò bú u. Tíṣà ni òun náà, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò mọ ìgbà tí ìjọba yóò rántí san owó oṣù wọn, ṣùgbọ́n oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì ń bọ́ wa. Ó ní, "Àwọn tó jẹ́ kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa jí oúnjẹ eṣinṣin jẹ, wọ́n ń jẹun yó ní tiwọn. Ìyẹn ló ń rí mi lára."

Nígbà tí mo fẹ́ padà, ó ti di iṣu, ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ àti epo sínú àpò kan.

Mo ní, "Màmá, n kò lè gbé e fún un o. Yóò mọ̀ pé mo sọ fún yín. Ojú á tì í kú."

"Ta lo ní ó ní oúnjẹ nínú láàbù yín?"

"Kantíkantí, mà."

"Kantíkantí náà ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e dé Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo gbé àpò náà sórí tábìlì, mo wo ilẹ̀, mo ní, "Màmá mi fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn kantíkantí, sà."

Dókítà tú ẹnu àpò. Ó mú iṣu kan jáde, ó yí i wò.

"Kantíkantí a máa jẹ iṣu bí?"

"Wọ́n ní ó dára fún wọn, sà."

Ó wúkọ́. "Ó dáa. Jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀ wò."

Ìkòkò mi kò fà sílẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sílé, ìyá mi a bi mí pé, "Àwọn kantíkantí yín ńkọ́?" a sì tún di ẹrù mìíràn. Kò rẹ́rìn-ín lé e lórí rí, èmi náà kò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ òtítọ́: àánú kò pa ìríra náà. Méjèèjì ń gbé pọ̀ nínú mi. Mo máa ń gbé iṣu fún un tọwọ́tẹsẹ̀, síbẹ̀ n kò lè mu omi nínú ife tó bá fi mu.

Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, àwọn kantíkantí ìdí àmù bọ́ èèpo ìdin sílẹ̀, wọ́n di eṣinṣin. Dókítà fi wọ́n sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó pè mí. Ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Ìwọ̀nba àmì pupa díẹ̀ ló kù, bí ẹ̀jẹ̀ tó ta sára aṣọ. A gbé ti abẹ́ páànù wá. Ojú tiwọn pọ́n, funfun inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. "O rí i? Jíìnì kan náà ni! Ìran kan náà! Nínú òtútù, oorun ibi tó wà borí rẹ̀. Nínú ooru, ó ń ta kìjí, ó ń jà. Ìwọ lo ṣe é. Nídìí àmù!"

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n kò rántí òórùn kankan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn àlejò pàtàkì wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n din adìẹ fún wọn nínú gbọ̀ngàn ńlá. Olórí ẹ̀ka wa, ọkùnrin tó sanra tí ọrùn rẹ̀ ń yọ lókè kọ́là, ló mú wọn yíká. Nígbà tí wọ́n wọ láàbù, ẹni tó ṣáájú fi áńkáṣífù bo imú.

"Kí ló kú síbí?"

Olórí ẹ̀ka rẹ́rìn-ín. "Kò sí nǹkan kan, sà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ìdin ṣeré."

Dókítà ti bọ́ síwájú, ó ti gbé ìgò kan lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí ẹ bá lè wo ojú àwọn eṣinṣin wọ̀nyí..."

Wọ́n ti jáde. Ó dúró síbẹ̀, ó na ìgò sí ẹnu ọ̀nà tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti Dókítà ń gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kọjá. Wọ́n ti da àjẹkù sínú garawa ìdọ̀tí: itan adìẹ tí wọ́n kàn fẹnu bà, ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ajá méjì ń jà lé e lórí. Mo rí i tí ojú Dókítà bà lé garawa náà, tó sì tètè gbé ojú kúrò. Ìríra tó mú mi lọ́jọ́ yẹn, ìdin kò fún mi ní irú rẹ̀ rí.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tó wá bá mi ní Ìsìkàn. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ìyá arúgbó náà, ó ní òun ti ríṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù Áfíríkà, òun ń lọ.

"Àwọn kantíkantí ńkọ́, sà?"

"Máa bọ́ wọn. O mọ bí a ti ń ṣe é jù mí lọ." Ó fẹ́ lọ, ó tún yí padà. "Bá mi sọ fún màmá yín pé àwọn kantíkantí yó. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

N kò tún fojú kàn án mọ́.

Olórí ẹ̀ka wa ló gba àbójútó iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ó ní òun kò lè máa bójú tó iṣẹ́ tó ń rùn, ó sì ní kí n kó àwọn ìgò náà dànù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un ohun tí ooru àti òtútù ṣe. Ó ń fi etí bébà yọ ìdọ̀tí èékánná rẹ̀.

"Ta ni ìyẹn máa bọ́?" ó wí. "Lọ ṣe ewé gbágùúdá. Ewé kì í rùn."

Mo kó àwọn ìgò náà lọ sẹ́yìn ilé, mo sì ṣí òwú ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Olójú pupa àti olójú tótòtó jọ jáde, n kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì nínú afẹ́fẹ́. Àwọn aláǹgbá ti tò sára ògiri kí n tó ṣí ìgò tó kẹ́yìn. Mo fi omi gbígbóná fọ àwọn ìgò náà. Ọ̀kan lára àwọn akọ̀wé wá kó wọn, ó ní ìyàwó òun yóò fi ta ẹ̀pà.

Mo já ewé gbágùúdá lóko kan lọ́nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, mo wọn gígùn rẹ̀, mo wọn fífẹ̀ rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Olórí ẹ̀ka kò kà á. Ó fún mi ní máàkì tó ga jù nínú kíláàsì wa, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì ń ta sánsán ọṣẹ olóòórùn dídùn. Títí di òní, bí wọ́n bá ní kí n mú ìwé ẹ̀rí mi wá, ìka méjì ni mo fi ń mú etí rẹ̀, bí ẹni tó mú aṣọ tí ọmọ ṣu sí.